Fóònù kan ló bá wa dá ẹjọ́ lórí omi

1/ Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọ̀rẹ́ mi nítorí okùn kan. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

2/ Southampton ni mo ti ń kàwé. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré díje. Firefly lorúkọ ọkọ̀ náà. Gígùn ẹ̀ ò ju mítà 3.66 lọ, èèyàn méjì péré ló ń gbé. Kò ní ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn ni epo ẹ̀. Títí di òní, màmá mi ò tíì gbọ́ sí i o.

3/ Èmi ni mò ń di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, èmi náà ni mò ń fa okùn ìgbòkun ńlá. Òun jókòó síwájú, ó ń mójú tó ìgbòkun kékeré. Gbogbo Sátidé la máa ń gbẹ́yìn. Ẹjọ́ ta ni? Tiẹ̀ ni o! “O ò tètè fa okùn ẹ.” “O ò fi ara ẹ síta tó.” Ojoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù November, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó ní: “Lọ wá ẹlòmíì.”

4/ Inú bí mi. Mo ní màá fi ẹ̀rí hàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wé fóònù mi sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, mo so ó mọ́ inú ọkọ̀. Ṣẹ́ ẹ mọ nǹkan inú fóònù tó ń jẹ́ kí àwòrán yí tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́? Òun náà ló ń mọ bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ tó. GPS ń ka eré wa. Mo tún lẹ sẹ́ńsọ̀ kékeré kan mọ́ igi tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun ńlá, kó máa sọ bí mo ṣe fà á wọ àárín ọkọ̀ tó.

5/ Lálẹ́, mo ṣí dátà náà. Yéè!

Gbogbo ìgbà tí mo bá fa okùn mi dé góńgó, ọkọ̀ á tẹ̀ tó dígírì 20, eré á já sí nọ́ọ̀tì 3. Ìgbà tí ọwọ́ bá ń ro mí tí okùn yọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á nàró, eré á gòkè sí 3.6. Okùn tiẹ̀ wà lójú kan ní gbogbo àkókò yẹn. Ibi tí omi ti ń ta sí wa lójú, tí mo rò pé a ti ń fò, ibẹ̀ gan-an la ti ń falẹ̀.

6/ Ìdí ẹ̀ rèé. Tí ọkọ̀ bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa ṣàn lójú àti lẹ́yìn ìgbòkun. Tó o bá fà á jù, ti ẹ̀yìn á já kúrò, èyí tó kù á kàn máa ti ọkọ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó bá tẹ̀ á fẹ́ yí orí sí atẹ́gùn. Ìwọ náà á máa fi ìtukọ̀ dá a padà, ìtukọ̀ á wá di bíréèkì nínú omi.

7/ Àwọn àgbà ní àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo fi gbogbo ìlà tó wà lórí kọ̀ǹpútà hàn án. Ó wò ó, ó wò mí.

“Ṣé o rántí pé mo sọ fún ẹ ní October pé ò ń fa okùn yẹn jù?”

Mo rántí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo gba fóònù gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ò gba ọ̀rẹ́ mi gbọ́ fún odidi oṣù kan. Ìyẹn ló dùn mí jù.

8/ A ṣì ń lo sẹ́ńsọ̀ náà tá a bá ń kọ́ra. Lọ́jọ́ ìdíje, orí ilẹ̀ là ń fi í sí. Ọ̀rẹ́ mi á wo ìgbòkun, á ní “Tú u díẹ̀.”

Màá tú u.