Ilé Etíkun Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ta Wá Lọ́rẹ

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà níbí.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa ní Atlanta, nọ́ọ̀sì ni, opó sì ni. Ó ti yọ̀ǹda ká sọ ìtàn yìí, láìdárúkọ òun. Lọ́dún 2023 ó wá bá wa, ó ní òun fẹ́ fi ilé òun tó wà ní Daytona Beach, ní Florida, ta ìdílé wa lọ́rẹ. A dúpẹ́. Ìyá àwọn ọmọ wa ló béèrè pé, "Ṣé ilé ni, àbí timeshare?" Arábìnrin wa rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Ẹni tí kò bá mọ timeshare, ohun tó jẹ́ nìyí: ẹ ò ra ilé. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún lẹ rà nínú yàrá kan, tàbí póìǹtì tẹ́ ẹ lè fi gba irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ló ni ọ̀sẹ̀ tó kù. Yàtọ̀ sí owó tẹ́ ẹ fi rà á, owó ìtọ́jú wà tẹ́ ẹ ó máa san lọ́dọọdún, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o. Owó yẹn máa ń gòkè. Bí nǹkan ńlá bá sì bàjẹ́ níbẹ̀, wọ́n lè tún bu owó àtúnṣe lé gbogbo yín lórí.

A sọ fún un pé a ò lè gba ohun tá ò tíì rí. A bá a san owó ìtọ́jú ọdún yẹn, $1,480, a kó ọmọ mẹ́ta sínú mọ́tò ní oṣù keje, a lọ lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí méje la lò lójú ọ̀nà.

Nínú fọ́tò, òkun ló wà lójú fèrèsé. Ibi ìgbọ́kọ̀sí la bá lójú tiwa. Àbíkẹ́yìn wa wò ó títí, ó ní, "Daddy, òkun náà ńkọ́?" Omi ń jò láti inú ẹ̀rọ amúlétutù sórí kápẹ́ẹ̀tì, ike ni wọ́n fún wa ká fi gbè é. Wọ́n ti fi irin ṣọgbà yí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ká. Àtẹ̀gùn tó sọ̀ sí etíkun ti wó. Ìjì líle méjì ló jà níbẹ̀ lọ́dún 2022, Ian ní oṣù kẹsàn-án, Nicole ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbá iyanrìn lọ, wọ́n sì wó ògiri tó ń dá òkun dúró ní ọ̀pọ̀ ibi. Kò sẹ́ni tó lè bá ìjì jà. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí wọ́n ṣì ń fi han èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ìgbà tí ìjì ò tíì jà ni. Owó àtúnṣe sì ti wà lọ́rùn arábìnrin wa, ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè wá síbi oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́. Wọ́n ní kò ní ju àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á sì fún wa ní ẹ̀bùn $100. A lọ torí a ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wọ́n lè gba ọ̀sẹ̀ arábìnrin yìí padà? Aago mẹ́sàn-án la wọlé, aago kan ti kọjá ká tó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ tiẹ̀, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà lọ pe ọ̀gá tiẹ̀. Wọ́n bi wá bóyá a nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ wa. Wọ́n ní ogún la fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní iye yẹn, òní nìkan ni. Ní ti ìbéèrè wa, èsì wọn ni pé kí arábìnrin náà ra póìǹtì kún un. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, wọ́n ní kó gbé òmíràn lé e! A dìde, a ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Àmọ́ ibẹ̀ ló ti yé wa. Àwa méjì la jókòó síbẹ̀, a sì ń wojú ara wa. Òun, ọdún kan lẹ́yìn tó sin ọkọ rẹ̀ ló jókòó sírú àga yẹn, òun nìkan, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ogún ọmọ.

Lọ́jọ́ kẹta a wakọ̀ lọ sí apá gúúsù, sí Bethune Beach. Mary McLeod Bethune, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Daytona lọ́dún 1904 pẹ̀lú ọmọbìnrin márùn-ún àti dọ́là kan ààbọ̀, wà lára àwọn tó da owó pọ̀ ra ilẹ̀ etíkun yẹn láwọn ọdún 1940, torí wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dé ọ̀pọ̀ etíkun nígbà yẹn. Àwọn ọmọ wa ṣeré nínú omi níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìrẹsì àti ẹja díndín tá a gbé láti yàrá la jẹ. Kò sẹ́ni tó ní ká fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tá a délé, a sọ fún arábìnrin wa pé a ò lè gbà á. Bá a bá gbà á, gbèsè náà kàn pààrọ̀ ọwọ́ ni, owó ọrẹ ẹ̀yin ará ló sì máa wá ń san án. Ó sunkún. Ó ní àwọn àbúrò òun nílé rò pé òun ní ilé létíkun Amẹ́ríkà. Fọ́tò òkun yẹn ló wà lórí WhatsApp òun. Alẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́ láti san án, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́yà kan nínú ìjọ ka ìwé àdéhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti san gbogbo owó tó fi rà á tán. Lẹ́yìn tó san èyí tó kù nínú owó ìtọ́jú àti àtúnṣe, ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbà á padà. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n ó parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa: tẹ́ ẹ bá ra timeshare ní Florida, òfin fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fagi lé e, bó ti wù kẹ́ni tó tà á fún yín sọ. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe fóònù. Àwọn ìpínlẹ̀ míì ní iye ọjọ́ tiwọn. Tó bá ti pẹ́, ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi bóyá wọ́n á gbà á padà. Ẹni tó bá pè yín pé òun ti rí oníbàárà, kẹ́ ẹ san owó kan sílẹ̀ ná, ẹ sá fún un. Àwọn ọmọ yín náà lè kọ irú ogún bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ bi lọ́yà.

Lúùkù 14 sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Ẹ lọ kà á kẹ́ ẹ tó jókòó síbi oúnjẹ ọ̀fẹ́.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ kọ̀wé sí wa ní inbox. A ò ní bú yín, a ò sì ní sọ fẹ́nì kankan. Olúwa á fún wa ní ìsinmi tí kò ní gbèsè nínú. Àmín.