Yerwa: Ohun tí Ìlú kan ń Gbé Lọ́wọ́ bí ó bá ń Ṣí



Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú Maiduguri tí à ń gbé. Ó wọ ààfin Ṣéhù, ó wọ ọgbà ẹranko, ó sì wọ yàrá tí mo kó ìwé mi sí. Nígbà tí omi fà, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìwó, wọ́n ní: "Kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ wálé. Kí lo tún ń ṣe níbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Inú ìtàn ìlú yìí ni mo ti lọ wá a.

Kì í ṣe òní ni Borno ti ń ṣí. Ngazargamu, tí Mai Ali Gaji tẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni olú-ìlú wọn títí ogun jíhàádì fi kó o ní 1808. Ní 1814, Ṣéhù Muhammad al-Amin al-Kanemi tẹ Kukawa dó, ìlú tí a fi orúkọ igi oṣè pè. Ààfáà ni baba yìí. Lẹ́tà ni ó fi bi Muhammad Bello ti Ṣókótó pé kí ni ẹ̀rí ogun tí Mùsùlùmí ń gbé ti Mùsùlùmí. Ní 1893, Rabih dé láti Sudan, ó run Kukawa, ó sì fi Dikwa ṣe ibùjókòó, kí àwọn Faransé tó pa á ní Kousseri ní 1900. Ní 1907 ni Ṣéhù Bukar Garbai kó wá sí Yerwa, èyíinì ni Maiduguri yìí.

Bí ẹ bá dé ibí, ẹ ó rí ààfin náà àti mọ́sáláàṣí ńlá tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ó rí ibùdókọ̀ ojú irin tó dé ìlú yìí ní 1964. Ọ̀nà náà ni bàbá mi gbà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kì í ṣe ògiri ni Borno fi di Borno. Ọ̀kan wà nínú àwọn Àlùkùránì àfọwọ́kọ wọn tí ọdún 1669 wà lára rẹ̀, tí àlàyé ní èdè Kanembu sì yí ojú ìwé rẹ̀ ká. Olú-ìlú wó léraléra; kéú kò dúró. Lẹ́yìn omíyalé náà, mo rí àwọn ọmọ kéú tí wọ́n to wàláà sórí ògiri tó wó, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́.

N kò dá ẹni tó kó lọ lẹ́bi. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣí kúrò ní Mẹ́kà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín nínú ilé yín ni pé: bí omi bá lé wa lálẹ́ òní, kí ni àwọn ọmọ wa mọ̀ sórí tí omi kò lè gbé lọ?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà. Mo ní: "Ẹ máa fi àdúà ràn wá lọ́wọ́, sà. Ilé ìwé wa ń wọlé lọ́jọ́ Ajé."