Ìwé Tí A Wá Tì

Ó kù díẹ̀ kí ìwé kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tọkọtaya. Ilé-ìwé gíga kan gba ọmọbìnrin wa wọlé, wọ́n sì so ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀ mọ́ ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Gmail tí a jọ ń lò. A kà á, a yọ̀, a gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ní kó mú ìwé náà wá, a ò rí i mọ́.

A tẹ orúkọ ilé-ìwé náà síbi ìwákiri títí, òfo ni. Ọ̀kan nínú wa ní èkejì ló pa á rẹ́. Èkejì náà ò gbà. Àdúrà alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu lásán la fi gbà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló là wá lójú. Ó ní Gmail kì í wá inú Trash àti Spam àfi tí a bá ní kó wá a. Ó ní ká tẹ in:anywhere ṣáájú orúkọ náà, ká fi has:attachment kún un, kí ó lè jẹ́ kìkì ímeèlì tí ìwé so mọ́ ni yóò jáde. Ó jáde lóòótọ́, nínú Trash! Ìgbà náà la tó rántí pé àwa méjèèjì la jọ jókòó pa ímeèlì rẹpẹtẹ rẹ́ nígbà tí àyè fẹ́ tán. Ọjọ́ 30 péré sì ni ohun tó bá wọ Trash ń lò kó tó parẹ́ pátápátá. Ọjọ́ 26 la wà!

A dá a padà sí Inbox, a tẹ ẹ̀dà mẹ́ta jáde, a sì bẹ ara wa. Ọmọ ti wọlé.