Ìwé Ọ̀fẹ́ Ládùúgbò Àwọn Atẹ̀wé

Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọbaníkòró, tó rìn wọ Ṣómólú, kò ní pẹ́ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Akọ́kà, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, kò sì jìnnà. Ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì àdúgbò yìí ni mo ti máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń na fóònù sí oníṣẹ́: “Ẹ bá mi tẹ ojú ewé 40 dé 62. Ẹ jẹ́ kí méjì wà lórí bébà kan, kó má baà wọ́n.”

Mo bi wọ́n léèrè nípa ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní, “Sà, ọ̀fẹ́ wo? Dátà ni mo fi dáúnlóòdù ẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí fóònù kú, ìwé kú nìyẹn.” Èkejì ẹ̀ ní òun ò fọkàn tán ohun tí wọn ò gbowó lé. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, torí ìwé ọ̀fẹ́ lèmi fi kàwé lábẹ́ ìjọba Lateef Jakande, tó di gómìnà Èkó lọ́dún 1979. Ìwé gidi ni.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé púpọ̀ nínú wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé tí wọ́n jí gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti èyí tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara ẹ̀ yọ̀ǹda. NOUN, yunifásítì tiwa tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ti gbé ìwé ẹ̀kọ́ ẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. OpenStax ti Rice University ní Texas ti ń gbé tiẹ̀ jáde láti 2012. Ìwé ètò ọrọ̀ ajé wọn, ẹnikẹ́ni láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́, kó tà á, kó tún un kọ, bó bá ṣáà ti dárúkọ àwọn tó ni ín.

Ọmọbìnrin yẹn ní báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló kún inú ẹ̀, òun ò rí náírà níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ àṣẹ yẹn gan-an loògùn ẹ̀. Olùkọ́ kan ní Akọ́kà lè yọ báńkì Amẹ́ríkà kúrò, kó fi CBN, báńkì àpapọ̀ tiwa, rọ́pò, kó fi tòmátò ọjà Mile 12 ṣàlàyé bí ọjà ṣe ń wọ́n, kó wá gbé e fún atẹ̀wé Ṣómólú. Owó bébà àti owó iṣẹ́ lakẹ́kọ̀ọ́ máa san. Iná wà o, iná ò sí o, ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ló dé tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ yẹn ò fi bò fún mi: handout ni, ìwé táwọn olùkọ́ fúnra wọn ń kọ, tí wọ́n ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní nílé-ẹ̀kọ́ tòun, ẹni tó bá rà á ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. “Sà, orúkọ la ń rà, kì í ṣe ìwé.” Ó dùn mí wọra. Mo mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ ò tó nǹkan, ẹni tó bá sì jókòó kọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ sówó iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò ọmọ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Bárígà ló yẹ kówó yẹn ti jáde. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń náwó lórí ìwé kíkọ fáwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. Ìwé tí wọ́n bá fowó ìlú kọ, kí wọ́n sanwó olùkọ́ pé, kí wọ́n sì fàṣẹ ọ̀fẹ́ sí i lọ́jọ́ tó bá jáde, kákẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó bá wù ú, kí wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀ fún un.