Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbì Kúkúrú

Ẹni tí ó bá rántí pé Joseph Taylor, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí òun àti Russell Hulse jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1993, ti pẹ́ nídìí ṣíṣa ìró tín-ín-rín láti ojú ọ̀run, ẹnu kò ní yà á pé òun náà ni, pẹ̀lú Steven Franke, ó gbé ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ FT8 jáde ní 2017 fún àwọn tí ń fi rédíò ìgbì kúkúrú ṣe fàájì. Kọ̀ǹpútà ni ó ń fọhùn, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń tẹ́tí, ìṣẹ́jú-àáyá 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbì náà a gòkè lọ bá ìpele òfuurufú tí ìtànṣán oòrùn ti ta jí, a sì ti ibẹ̀ darí wálẹ̀ sí òdìkejì òkun.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Iṣẹ́ FT8 gan-an nìyẹn, nítorí bíìtì 77 tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ni a fi 97 mìíràn tì lẹ́yìn, débi pé bí ariwo bá jẹ lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà a tún un tò.

Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún? Orúkọ ìpè, àdúgbò, bí ohùn ṣe lágbára sí, ó dàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àtinúdá kò gbọdọ̀ ju àmì 13 lọ, àwa tí à ń béèrè ilé, béèrè ọ̀nà, kí a tó sọ ohun tí ó gbé wa wá! N kò bá àwọn àgbà tí ń fi àmì Morse ránṣẹ́ wí, tí wọ́n ní èyí kì í ṣe ìtàkúrọ̀sọ; JS8Call, tí a fà yọ láti ara FT8, ni ó lè tẹ́ irú wọn lọ́rùn díẹ̀.