Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀ ní Dura-Europos

Ní ìlà-oòrùn Síríà, lẹ́bàá odò Yúfírétì, ahoro ìlú kan wà lórí ilẹ̀ gíga. Odò ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá kan. Lápá kejì, aṣálẹ̀ ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Dura-Europos ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 165 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Róòmù.

Ní nǹkan bí ọdún 256, ọmọ ogun Shapur, ọba Páṣíà, wá dó tì í. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ka ìtàn Róòmù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ kò lè rí ìjà yìí nínú ìwé àwọn ará àtijọ́. Kò sí èyí tó ròyìn bí ó ṣe lọ. Ilẹ̀ ló ròyìn rẹ̀.

Ìhà aṣálẹ̀ ni ó tẹ́jú fún ọ̀tá. Àwọn ará Róòmù wọ́ iyẹ̀pẹ̀ jọ sẹ́yìn ògiri ìhà náà kí ó lè lágbára, wọ́n sì bo àwọn ilé ibẹ̀ mọ́lẹ̀: sínágọ́gù tí a kun àwòrán sí lára yíká, àti ilé tí àwọn Kristẹni ti ń jọ́sìn. Iyẹ̀pẹ̀ ogun ló pa àwòrán wọ̀nyẹn mọ́ títí di ọ̀rúndún ogún.

Àwọn ará Páṣíà gbẹ́ ọ̀nà lọ sábẹ́ ilé ìṣọ́ kan kí ó lè wó. Àwọn ará Róòmù náà gbẹ́ tiwọn láti pàdé wọn. Nínú ọ̀nà tóóró yẹn, ní àwọn ọdún 1930, Robert du Mesnil du Buisson, ará Faransé, rí egungun nǹkan bí ogún ọmọ ogun Róòmù tí wọ́n wà lórí ara wọn, àti ti ará Páṣíà kan ṣoṣo, ẹ̀wù irin rẹ̀ lọ́rùn. Kí ló pa wọ́n? Ní 2009, Simon James sọ pé èéfín ni: àwọn ará Páṣíà da imí-ọjọ́ àti ọ̀dà ilẹ̀ sínú iná, bóyá wọ́n tilẹ̀ fi ẹwìrì fẹ́ ẹ, èéfín sì gòkè bá àwọn tó wà lókè wọn. Mo gbà á gbọ́. Ibi tó há bẹ́ẹ̀ kò gba ìjà ogún ènìyàn. Ilé ìṣọ́ náà rì, kò wó. Síbẹ̀ ìlú bọ́ lọ́wọ́ Róòmù, kò sì sí ẹni tó tún un tẹ̀dó bí ìlú mọ́.

Bí du Mesnil bá ti kó irin àti egungun lọ láìkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, James ì bá tí rí ohun kan wádìí. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa dùn mí lónìí. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Síríà ní 2011, àwọn olè ń gbẹ́ ilẹ̀ náà fún ohun títà. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ní 2014 fi hàn pé ihò wọn ti gba ohun tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ inú odi lọ.