Ọwọ́ Tó Di Ọwọ̀ Mú: Ewì Ọmọdé fún Àwọn Tó Ń Ṣe Wá Lóore

Ṣàṣà ni iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ tí Yorùbá kò ní kíkí tirẹ̀ fún. Ẹni tó bá kọjá nídìí ìkòkò aró kò ní kàn sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ, "Àrẹ̀dú o!" ni yóò wí, kí aṣọ lè gba aró kí ó sì dú dáadáa. Ẹni tó bá rí adẹ́mu lórí ọ̀pẹ yóò ké sí i pé "Igbà á rọ̀ o!", nítorí igbà tó fi gun igi ni ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́. Onídìrí ń gbọ́ "Ojú gbooro o!", àgbẹ̀ ń gbọ́ "Àroko-bọ́dún-dé o!". Kíkí kọ̀ọ̀kan kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó fi hàn pé ẹni tó ń kíni mọ ohun tí oníṣẹ́ náà ń ṣe, ó mọ ewu tó wà níbẹ̀, ó sì mọ àdúrà tó yẹ kí òun gbà fún un.

Lójú tèmi, ewì ni wọ́n. Wọ́n wà lára ewì tó kúrú jù lọ nínú èdè wa, ọmọdé pàápàá lè há wọn sórí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n kí ni à ń wí fún obìnrin tó ń gbálẹ̀ títì ní ìdájí? Kí ni kíkí fọganáísà, nọ́ọ̀sì, mẹ́gádì, tàbí ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù onílé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀? "Ẹ kú iṣẹ́" nìkan ló kù fún wọn, nígbà tí a bá tilẹ̀ rántí wí i.

Ohun tó burú ju àìkíni lọ ni ohun tí a ń fi irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe lójú ọmọ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti wí i fún ẹ̀yin náà: "Bí o kò bá kàwé, títì ni wàá máa gbá." Mo gbọ́ gbólóhùn yìí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ní ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn. Bàbá kan ló ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ó sì na ìka sí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ létí gọ́tà, kò jìnnà sí wa rárá. Obìnrin náà gbọ́. Kò bínú, kò sì dá iṣẹ́ dúró. Ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá ọmọ, ẹ má fi mí dẹ́rù ba ọmọ. Ìgbálẹ̀ yìí ni mo fi ń rán tèmi níwèé."

Bàbá náà dákẹ́. Ọmọ náà, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ń wo obìnrin náà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó mọ̀ pé ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ojú tí ọmọ yẹn fi wò ó kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Mo wá rí i pé bí a bá ń fi oníṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ ibi, à ń kọ́ ọmọ níwèé, a sì ń kọ́ ọ ní ìyájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dàgbà tó sì di ọ̀gá, ojú yẹn kan náà ni yóò fi máa wo gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́fà ló máa ń péjọ sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé: méjì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ aládùúgbò. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Èdè Yorùbá ni àwọn òbí wọn ní kí n máa kọ́ wọn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ yẹn, mo fún wọn ní iṣẹ́ kan: kí olúkúlùkù yan ẹnì kan tó ń ṣe é lóore, tí kì í sì í ṣe ará ilé rẹ̀, kí ó ṣe ewì ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà fún ẹni náà.

Òfin mẹ́ta ni mo là sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí ẹni náà fẹ́ kí a máa fi pe òun. Èkejì, ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú ara yín rí iṣẹ́ náà. Ẹ kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ènìyàn ń ṣiṣẹ́ takuntakun láìsọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀kẹta, ẹ kò gbọdọ̀ káàánú rẹ̀. A kì í fi àánú ki ọba, ẹ má fi ki oníṣẹ́.

Ewì nípa iṣẹ́ kì í ṣe tuntun fún ọmọ Yorùbá. Láti inú ìwé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí àti òbí-òbí wa ti kọ́ ewì tó ń kọ́ ọmọdé láti tẹpá mọ́ṣẹ́, àìmọye wọn ló sì ń kà á lórí títí di òní. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni irú ewì bẹ́ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kí ó má baà ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi kún un ni ewì tí ọmọ yóò kọjú rẹ̀ sí ẹlòmíràn, tí yóò fi sọ fún un pé, "Mo rí yín, mo sì mọ ohun tí ẹ ṣe."

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan yan obìnrin tó ń gbálẹ̀ òpópó wa. Nígbà tí ó gbé ìwé rẹ̀ wá, kò fi àmì ohùn kankan sí i, gbólóhùn kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà. Owó ni àbí ọwọ́? Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni àbí ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà? Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde nìyí:

Ìyá mi olówọ̀, ẹ kú ìdájí o.
Àkùkọ ò tíì kọ, ẹ ti dórí títì.
Ọwọ́ tó di ọwọ̀ mú,
ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí i.
Títì mọ́, gọ́tà ń ṣàn,
bàtà mi ń dán lọ sílé-ìwé.

Láti ọjọ́ náà, n kò tún bá wọn jà nítorí àmì ohùn mọ́. Wọ́n ti rí i fúnra wọn pé ohùn ni ewì Yorùbá fi ń dún, àti pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbálẹ̀ àti iyì kò ju ibi tí ohùn gbà lọ.

Ọmọ náà dúró dè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀, ó ka ewì náà láìwo ìwé. Obìnrin náà fi ọwọ̀ ti ògiri, ó ní kí ó tún un kà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ pé, "Ó dùn, ọmọ mi, wàá dàgbà. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún àwọn ará òpópó yín kí wọ́n yé da pàǹtí sí gọ́tà lóru. Ohun tí mo bá kó lóòró, kí n tó padà dé lọ́la, ó ti tún kún."

Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ìmọ́tótó lásán lọ ní ìlú bíi Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó gbé ènìyàn, ilé àti ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ńlá ní ìlú náà. Pàǹtí tó dí ojú omi wà lára ohun tó dá kún àjálù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ títì tó sì ń ko gọ́tà wà lára àwọn tó dúró sáàárín wa àti irú omi yẹn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ, ọmọbìnrin náà padà sídìí ewì rẹ̀, ó sì fi ìlà méjì kún un:

Ẹ̀yin tó ń da pàǹtí sí gọ́tà lóru,
òjò ń bọ̀, ẹ rántí Ògùnpa.

Ó ka á fún bàbá rẹ̀ nílé. Bàbá rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò mọ ohun tí òun ìbá fi dá a lóhùn.

Ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá yan mẹ́gádì ilé wọn, ọkùnrin kan tó ti òkè ọya wá. Òfin àkọ́kọ́ ló dá a dúró. Ó ti mọ ọkùnrin náà láti kékeré, ṣùgbọ́n "Mẹ́gádì" ni gbogbo ilé ń pè é, bí ẹni pé orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fún un ní ọjọ́ ìkómọjáde. Ọmọ náà ní láti lọ bi í léèrè. Orúkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ewì náà, n kò sì ní kọ ọ́ síbí nítorí pé òun ló ni ín. Ìyókù nìyí:

Gbogbo wa sùn, ojú kan ò sùn.
Òjò ń rọ̀, ojú kan ò sùn.
Ajá gbó, ó dìde;
ẹ̀fúùfù kan ilẹ̀kùn, ó dìde.
Ilẹ̀ mọ́, a bá ilé, a bá ọ̀nà.
Ẹ bá mi kí i, ó kú àìsùn.

Yorùbá ọkùnrin náà kò jinlẹ̀. Ọmọ náà ní láti túmọ̀ ìlà kan lẹ́yìn òmíràn fún un. Nígbà tí ó parí, ọkùnrin náà kò wí nǹkan kan nípa ewì náà. Ó kàn béèrè bóyá wọ́n lè fún òun ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ó ká a mẹ́rin, ó sì fi í sínú àpò àyà rẹ̀. Ìyá ọmọ náà sọ fún mi pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni gbogbo ilé ń pè é báyìí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà wa yan nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́. Ìlà mẹ́rin péré ni tirẹ̀, òun ló sì pe ọ̀rọ̀ náà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀:

Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ yín ta mí.
Mo sunkún, ẹ bá mi ká a: ení, èjì.
Àná ni mo sunkún,
òní ni mo ń sáré.

Mo lo ewì yìí láti sọ ìtàn kan fún àwọn àgbà inú wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ orúkọ Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde nílé-ìwòsàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ìyìn tó tọ́ sí i ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni àrùn náà pa nínú àwọn tó tọ́jú aláìsàn yẹn. Nọ́ọ̀sì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn wọ̀nyí náà ló fi ẹ̀mí san án. Bí a bá ti jẹ́ kí ọmọ mọ̀ láti kékeré pé ẹni tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù wà lára àwọn tó ń woni sàn, kò ní yà á lẹ́nu pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ akọni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò wí: ewì kì í ṣe owó oṣù. Òótọ́ ni. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kò lè fi ìlà mẹ́fà ra gàrí, ìyìn tí kò bá sì ní ẹ̀tọ́ lẹ́yìn lè di ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ó rọrùn jù láti fi owó rẹ̀ dù. Ọmọ tó ti dúró níwájú oníṣẹ́ tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ki í, yóò ṣòro fún un lọ́la láti jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbèsè kí ó sì sùn. Àwọn àgbà ní yinni yinni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Èmi rí i pé ìyìn náà ń tún ẹni tó ń yinni ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní àbúrò, ọmọ, tàbí ọmọ aládùúgbò nítòsí, ẹ dán an wò ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìwé kan àti pẹ́ńsù kan tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan ẹni tirẹ̀, kí ó béèrè orúkọ rẹ̀, kí ó dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má bá a kọ ọ́. Àmì ohùn nìkan ni kí ẹ bá a yẹ̀ wò. Kí ó há a sórí, kí ó sì lọ kà á létí ẹni tó ni ín, nítorí pé ẹni tí a ki ló yẹ kí ó gbọ́ oríkì.

Bí ìlà mẹ́rin bá ti pọ̀ jù, kíkí kan ṣoṣo náà tó. Àwọn ọmọ ọjọ́ Sátidé ti ń ṣe tiwọn. Fún fọganáísà, wọ́n ní kí a máa wí pé "Afẹ́fẹ́ á dúró o!" Fún àwọn tó ń gbálẹ̀ títì, wọ́n ní "Ilẹ̀ á mọ́ o!" Ìyá olówọ̀ òpópó wa ló fúnra rẹ̀ wá èsì sí èyí kejì yìí, èsì náà ni a sì ń fi dá ara wa lóhùn báyìí: "Ọ̀nà tiyín náà á mọ́ o!"